Kí Ni A Fi Í Mọ Ilé ní Igbósẹ̀rẹ̀?

Láìpẹ́ yìí ni mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní iṣẹ́ àròkọ kan. Mo ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí àlejò tí ó ń bọ̀ láti òkè, ẹni tí kò dé Èkó rí, kí ó sì júwe ọ̀nà fún un láti Ìta Tinúbú títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Iṣẹ́ kékeré ni mo pè é. Ohun tí mo fẹ́ wò kò ju bí wọn yóò ti lo "yà sí ọ̀tún" àti "máa lọ tààrà", àti bóyá wọn yóò rántí fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ bí mo ti ń kígbe rẹ̀ sí wọn létí lójoojúmọ́. Mo kó ìwé náà délé ní alẹ́, mo tan fìtílà nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ bí ìṣe wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa mí. Nígbà tí ó yá, mo gbé bírò sílẹ̀, mo ń ronú.

Ọmọ 43 ni wọ́n. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ó kọ nọ́ńbà ilé. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ rántí pé ilé ní nọ́ńbà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Bí ẹ bá ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ní òdòdó lórí fèrèsé, ẹ ti dé ilé wa nìyẹn." Òmíràn ní kí àlejò béèrè Ilé Olómi, kí ó wá máa ka ilé láti ibẹ̀. Ẹnì kan ní kí ó máa tẹ́tí sí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Bí agogo náà bá ń dún lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti kọjá ilé. Ọmọbìnrin kan ní kí ó wá ilẹ̀kùn búlúù Àlájà aláṣọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí yóò padà wá, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná.

Èyí tí ó mú mi gbé bírò sílẹ̀ ni ti ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Ó kọ ọ́ pé: "Tí ẹ bá ti kúrò ní ibi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó máa bọ̀." Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Báwo ni àlejò yóò ṣe rí ohun tí kò sí?" Ní ọjọ́ kejì mo bi í pé ṣé ó mọ ilé náà ni. Ó ní, "Rárá o, sà. Màmá wa àgbà ni ó máa ń júwe ọ̀nà bẹ́ẹ̀." Ọmọ yìí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n wó ilé náà lulẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó fi ń mọ ọ̀nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fẹ́ kí oníbàárà padà wá, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Kí ni ó ń mú kí ibì kan wọ ènìyàn lọ́kàn tí kò fi ní jáde mọ́? Ní ayé òde òní, owó ńlá ni àwọn ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ń ná sórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn a pe àwọn amòye, wọn a ya àmì, wọn a yan àwọ̀, wọn a sì wá gbólóhùn kan tí wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ "Centre of Excellence" sí i. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dáyé n kò tíì gbọ́ kí ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi kí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ wá dúró ní Ìdúmọ̀tà kí ẹ kígbe pé, "Èkó ò ní bàjẹ́ o!" Kí ẹ tó pa ẹnu dé, alágbàrù, oníbàtà àti onímótò yóò ti dáhùn pé, "Ó bàjẹ́ tì!" Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní kíláàsì.

Kì í ṣe pé àmì tí a fi ọwọ́ yà kò wúlò. Ní ọdún 1977, nígbà tí ìlú New York wà nínú gbèsè tí ẹ̀rù àwọn olè sì ń ba àlejò láti lọ síbẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Milton Glaser ya lẹ́tà mẹ́ta àti ọkàn pupa kan láti fi sọ pé òun fẹ́ràn ìlú náà. Kò gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Lónìí, kò sí ọjà kan ní ayé tí a kò ti lè rí ẹ̀wù tí ó ní àmì náà ní àyà, títí kan àwọn òkìrìkà wa ní Yábàá. Ṣùgbọ́n àwọn ará New York ti ń gbéraga nípa ìlú wọn kí Glaser tó mú kálámù. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu wọn ni ó yà sórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ilé Olómi tí ọmọ yẹn ń sọ wà ní òpópónà Kakawa, kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó kọ́ ọ ni João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní kékeré, tí ó sì padà wá sí Èkó lẹ́yìn tí ó gba òmìnira. Ìgbà yẹn, omi ẹ̀rọ kò tíì sí ní Èkó. Ọdún 1915 ni omi Ìjú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ ìlú. Omi tí ó mọ́ wà nínú ọgbà Da Rocha, àwọn ará àdúgbò a sì máa gbé korobá àti ìkòkò wá rà á níbẹ̀. Kò sí pátákó kankan lẹ́nu ọ̀nà tí a kọ Ilé Olómi sí nígbà náà. Òùngbẹ ni ó sọ ilé náà lórúkọ. Ọmọ rẹ̀, Candido da Rocha, ẹni tí ó kú ní ọdún 1959, lówó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ìyàwó bá béèrè owó tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọkọ ní Èkó, ọkọ a ní, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?" Òǹkọ̀wé ará Bràsíìlì kan, Antonio Olinto, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, gbé ìwé ìtàn kan jáde ní ọdún 1969 tí ó fi orúkọ ilé náà pè. Omi inú ọgbà ilé kan ni a fi mọ Èkó dé òkè òkun.

Ṣùgbọ́n bí ilé yẹn bá jẹ́ ilé ṣákálá, ǹjẹ́ ènìyàn yóò tún máa ya fọ́tò rẹ̀? Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wá láti Bràsíìlì, wọ́n kó iṣẹ́ wọn bọ̀ lọ́wọ́. Bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè tí a ń pè ní Pópó Àgùdà, láti Campos dé Bámgbóṣé dé Igbósẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, wọn kò kọ́ ilé bí ti àwọn òyìnbó aláṣẹ, wọn kò sì kọ́ ọ bí agbo ilé tí wọ́n bá nílẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀nà gbọọrọ wà láàrin rẹ̀, tí yàrá wà ní ọ̀tún àti òsì. Wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe òdòdó àti ewé sórí fèrèsé, wọ́n fi irin tí a tẹ̀ bí okùn ṣe bálíkónì, wọ́n sì kun ògiri ní pupa rẹ́súrẹ́sú, ní àwọ̀ ìyeyè, ní àwọ̀ ewé. Fèrèsé wọn jẹ́ pákó tí a là ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Mo gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹwà nìkan ni: ilé náà tutù ju ilé oníbúlọ́ọ̀kù tí mo wà nísinsìnyí lọ, n kò sì ra fáànù.

Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà wọnyí ni João Baptista da Costa. Nígbà tí oníṣòwò pàtàkì nì, Mohammed Shitta, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí sí òpópónà Martins, Da Costa yìí ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀; Sultan ilẹ̀ Tọ́kì rán Abdullah Quilliam wá láti Liverpool láti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, láti ọjọ́ náà ni ìdílé náà ti ń jẹ́ Shitta-Bey. Ẹ lọ wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà. Ọwọ́ tí ó ń ṣe òdòdó sára ilé Àgùdà ni ó ṣe ti ibẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn ọmọ Àgùdà kọ́ síbẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè ṣí fìlà kí ó tó rí bàtà tí a bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó bínú sí i. Òun gan-an ni gbogbo ayé fi mọ ìlú náà.

Ilojo Bar wá ńkọ́? Ìdílé Fernandez, Àgùdà pẹ̀lú, ni ó kọ́ ọ sí Ìta Tinúbú ní nǹkan bí ọdún 1855, fún ibi ìjẹun àti ibi ìmutí. Ní ọdún 1933, Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá rà á, láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ́ Ilojo. Ní ọdún 1956 ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìrántí tí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìwé ti rí ní ìlú wa. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, nígbà tí olúkúlùkù ń wá àgbò tí gbogbo ọ́fíìsì sì ti tì, katakata wọ Ìta Tinúbú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé tí ó ti lò ju 160 ọdún lọ ti di ìdọ̀tí. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọdún náà. Àwọn ènìyàn dúró, wọn kò sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí ó gbé agbọ̀n sórí ń wò yíká bí ẹni tí ó ṣìnà, ó sì bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, níbo ni a wà yìí?" Ọmọ Èkó ni, ohùn rẹ̀ fi hàn.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ẹni tí ó jẹ̀bi, n kò sì fẹ́ dá sí ẹjọ́ onílé àti ìjọba. Mo mọ̀ pé ilé àtijọ́ ń jò, pé ọmọ pọ̀ nínú ìdílé, pé ilẹ̀ Ìta Tinúbú sì jẹ́ owó. Ẹni tí òjò ń pa kọ́ ni a ń kọ orin ẹwà fún. Ohun tí ń dùn mí ni pé a ní àpẹẹrẹ ọ̀nà mìíràn nítòsí, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí Ìta Tinúbú. Ẹ̀yin àgbà rántí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street. Ní ọdún 1882 ni àwọn òyìnbó kọ́ ọ. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wó ilé ẹ̀wọ̀n náà ní ọdún 1979, ó sì di ààtàn. Ǹjẹ́ ta ni ì bá fẹ́ kí a rántí irú ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, fi ojú mìíràn wò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 fún àjọ̀dún 50 ọdún òmìnira, tí wọ́n pè é ní Freedom Park, ògiri àtijọ́ ṣì yí i ká, àwọn ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà ti di ìsọ̀ kéékèèké, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn sì ti di orí ìtàgé tí àwọn olórin ń kọrin lé. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ nígbà kan. Mo sọ fún wọn ibi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, èyí tí n kò rí gbà lọ́wọ́ wọn rí ní kíláàsì.

Bí a bá ń sọ ti Igbósẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹjọ́ ni ó sọ orúkọ wa di ńlá. Lójú ará Ìkẹjà tàbí Àgége, Igbósẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òpópónà. Ilé ẹjọ́ ni. Bí wọ́n bá ní, "Wọ́n ti gbé e lọ sí Igbósẹ̀rẹ̀," kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá ó lọ ra aṣọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nínú rúkèrúdò tí ó tẹ̀lé ti ENDSARS, iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga náà. Ìwé ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ọdún jóná, àwọn tí ń bá ara wọn du ilẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn sì wá di ẹni tí ń wá ẹ̀dà ìwé kiri. Òrùlé wó, ṣùgbọ́n orúkọ kò jóná. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń fi Igbósẹ̀rẹ̀ dẹ́rù ba ara wọn nínú mótò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rí ibi tí àwọn bàbá wa ti kọ́ ọgbọ́n àmì, kí ó wo Ẹ̀yọ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1854, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ Ọba Akíntóyè, ni a ti ń ka Ẹ̀yọ̀ ní ìgboro Èkó. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀ láti òkè délẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ bí esú. Báwo wá ni a ṣe ń mọ ọmọ ìgà kan yàtọ̀ sí òmíràn? Akẹtẹ̀ ni. Dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Làbà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníko, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ìgà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òpópónà, bí ó bá ti rí akẹtẹ̀, ó ti mọ ẹni tí ń bọ̀. Àti èèwọ̀ pẹ̀lú: a kì í wọ bàtà, a kì í dirun sùkú, a kì í gun kẹ̀kẹ́, a kì í mu sìgá níwájú wọn. Àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe pàápàá wà nínú ohun tí a fi ń rántí ọjọ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé 50 ọdún tí Ẹ̀yọ̀ sì jáde, mo rí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó bọ́ bàtà olówó iyebíye sí abẹ́ apá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìsọ̀ wa. Oníṣòwò mìíràn a kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀, gbogbo ọjà tí ó ń tà, nọ́ńbà tẹlifóònù mẹ́ta, àdúrà kan àti àwòrán idì sórí pátákó kan ṣoṣo, ní àwọ̀ mẹ́fà. Ojú kò mọ ibi tí yóò bà lé. Nígbà tí ẹ bá fi máa kà á tán, mótò ti gbé yín kọjá. Àwọn ìgà fi akẹtẹ̀ nìkan ṣe é.

Èyí ni ó mú mi padà sọ́dọ̀ Àlájà onílẹ̀kùn búlúù, mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́ níbẹ̀.

Ìsọ̀ Àlájà kò tóbi. Léèsì àti àǹkárá ni ó ń tà. Ọkọ rẹ̀ olóògbé, tí ó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ni ó fi ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ rẹ̀ kun ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ tí ó gba ìsọ̀ fún un. Búlúù tí ó mọ́ fòò ni, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀wọ́ náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Kútọnu wá. Nínú tẹlifóònù wọn, orúkọ tí wọ́n fi í pamọ́ sí ni Àlájà Ilẹ̀kùn Búlúù. Àwọn mìíràn kò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ wá bá ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Wọ́n ní àwọn yóò fi ọ̀dà ilé iṣẹ́ àwọn kun gbogbo iwájú ilé tí ó wà ní ọ̀wọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ògiri àti ilẹ̀kùn, àwọn yóò sì fún onílé kọ̀ọ̀kan ní owó díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fi ọ̀dà mìíràn kùn ún fún ọdún kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi ni mo ka ìwé àdéhùn náà sókè, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ní kí a gbà á. Lójú mi, àdúgbò yóò mọ́ tónítóní, yóò rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Onílé nìkan ni ó wà ní ìpàdé. Kò sí ẹni tí ó rántí bi àwọn tí ń tajà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kùn ún. Ó dára lójú, n kò ní purọ́. Ìsọ̀ 19 ní àwọ̀ kan ṣoṣo, bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò sórí ìlà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oníbàárà kan ti Abẹ́òkúta wá láti ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹlifóònù Àlájà kò ní iná nínú. Nígbà tí oòrùn mú un, obìnrin náà wọ ìsọ̀ tí ó súnmọ́ ọn, ó sì ra léèsì fún 60 ènìyàn níbẹ̀. Àlájà gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ó pè é láti fi ṣàlàyé pé òun rò pé ó ti kó kúrò.

Ó wá bá mi ní ilé ìwé ní àkókò ìsinmi. Kò pariwo.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jókòó, mà."

"N kò jókòó. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ kọ ìwé ọ̀dà yẹn."

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ wa. Ṣé ẹ lè fi ẹ̀wù kan náà wọ gbogbo ọmọ yín, kí ẹ wá gba orúkọ lọ́wọ́ wọn?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní n ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní, pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nínú 19. Èsì wọn kò pẹ́, kò sì gùn: àdéhùn ni àdéhùn, ó di ìgbà tí ọdún bá pé. Mo mú ìwé náà lọ fún Àlájà, ojú ń tì mí. Ó ní kí n ka ìwé àdéhùn fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á. Ó ní kí n tún ibì kan kà, ibi tí wọ́n ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà mìíràn kun ìsọ̀.

"Ọ̀dà ni wọ́n kọ?"

"Ọ̀dà ni, mà."

"Wọn kò kọ aṣọ?"

"Wọn kò kọ aṣọ, mà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń lọ sí ilé ìwé nígbà tí mo rí ọ̀pá kan tí ó ta síta lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Aṣọ búlúù ọ̀pá mẹ́fà ni ó ta kọ́ sórí rẹ̀, ó gùn láti òkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fì í. Láti ìkóríta ni mo ti rí i. Àràárọ̀ ni ó ń ta á, alaalẹ́ ni ó ń ká a. Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin kíláàsì mi fi júwe ilẹ̀kùn búlúù fún àlejò, bí ilẹ̀kùn náà kò tilẹ̀ búlúù mọ́. N kò fa ìlà pupa sí ti ọmọ náà. Mo sì ti pa ìlà tí mo fà sí abẹ́ Ilojo Bar rẹ́ nínú ìwé ọmọkùnrin yẹn, mo fún un ní máàkì rẹ̀.

Àdéhùn náà ku oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ Àlájà ní ọjọ́ Sátidé láti san gbèsè àǹkárá ìyàwó mi, ó fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kan jáde lábẹ́ tábìlì kí n lè rí i. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan ni, wọn kò tíì ṣí i. Ó ní òun wá àwọ̀ náà dé Ìdúmọ̀tà kí òun tó rí èyí tí ó bá a mu.